AKOTO TÓ YẸ ORÍ: Àlàyé fún Ẹni Tó Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Oníbátìrì

Àkòrí tí a mú wá lọ́dún yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ nahawu, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún pípín. Ọ̀rọ̀ orí ni, àti ohun tó yẹ kí a dé sí i nígbà tí a bá gun kẹ̀kẹ́ oníbátìrì. Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Alákàn tí kò lọ sí ilé ìwé kankan mọ̀ pé orí ni à á ṣọ́. Ó yẹ kí àwa náà mọ̀ ọ́n.

OHUN TÓ MÚ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ WÁ

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Lítà kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ fò kọjá 480 náírà láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wá ohun ìrìnnà tí kì í mu epo, ibẹ̀ sì ni kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ti gba ọ̀nà wọlé. Oríṣi méjì ló wà. Èkínní dà bí kẹ̀kẹ́ ológeere: a ń fi ẹsẹ̀ wà á, bátìrì sì ń bá wa tì í. Èkejì jẹ́ alùpùpù gan-an, ó rí bí ọ̀kadà, àfi pé kò ní ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo. Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Kútọnu àti ní Lómè, ilé iṣẹ́ Spiro, tó ń jẹ́ M Auto nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022, ti kó irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ ṣe. Bí bátìrì bá tán, wọ́n á lọ sí ibùdó kan, wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á sì gbé èyí tó kún lọ.

Ní Ifákọ̀ níbí náà, àwọn ọmọ wa tó ti ń bàlágà ń bèèrè kẹ̀kẹ́ oníbátìrì lọ́wọ́ òbí, àwọn òbí mìíràn sì ń rò ó fún ara wọn, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Gbàgádà. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni iye tí wọ́n ń tà á àti bí bátìrì rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó. Ìbéèrè nípa orí kì í sábà wáyé. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a ṣe àlàyé.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí òfin. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n fi Kòsọ́fẹ́ tiwa kún un, pẹ̀lú Muṣin, Òṣòdì-Ìsọlọ̀ àti Ṣómólú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra èyí tó jẹ́ alùpùpù, kó kọ́kọ́ lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí òfin wà lọ́wọ́ wọn bóyá ó lè gùn ún ní òpópónà tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé nítorí pé bátìrì ló ń lò, kì í ṣe alùpùpù mọ́. Àlàyé wa wà fún ẹni tó ń gun ti ẹlẹ́sẹ̀, àti fún ẹni tó ń gun alùpùpù níbi tí òfin ti gbà á láàyè.

OHUN TÓ Ń ṢẸLẸ̀ SÍ ORÍ

Ọlọ́hun Ọba fi ọpọlọ sínú agbárí, ó sì fi omi yí i ká. Ọpọlọ rọ̀, kò le. Nígbà tí orí bá ń sáré lọ tó sì dúró lójijì nítorí pé ó gbá ọ̀dà tàbí gọ́tà, agbárí á dúró, ṣùgbọ́n ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀ kò tíì dúró. Á lọ kọlu ara agbárí láti inú, á sì tún padà kọlu ẹ̀yìn. Nígbà mìíràn ojú kò ní rí ọgbẹ́ kankan lóde, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ti ń dà nínú. Egungun ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, àwọn dókítà Ìgbòbí lè tò ó, á sì jinná. Ọpọlọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti pàdánù ọ̀rọ̀ sísọ tàbí ìrántí lè má rí i gbà padà mọ́, ọmọ tó ti há odindi ìwé sórí sì lè dìde kó má mọ álífù mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣe ìṣirò, ẹ wo èyí. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí a fi ń gbá nǹkan kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Ẹni tó ń sá eré kìlómítà 25 ní wákàtí kan, tí orí rẹ̀ sì gbá ògiri, ó dà bí ẹni tó já láti ibi gíga tó mítà méjì àbọ̀, ìyẹn láti òkè àjà yàrá. Ẹni tó ń sá kìlómítà 45, ó dà bí ẹni tó já láti ibi gíga tó mítà mẹ́jọ, ìyẹn òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì. Ti ẹni tó ń sá kìlómítà 60 lé ní mítà 14. Kò sí ẹni tó máa dúró lórí òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kó ní òun fẹ́ fi orí sọlẹ̀. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni à ń gun ohun tó lè sáré tó bẹ́ẹ̀ láìdé nǹkan kan sórí.

Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tún ní ìwà méjì tí kò bá ti ẹlẹ́sẹ̀ lásán dọ́gba. Ìkínní, bí a bá ti fọwọ́ kàn án ló ń fò lọ, kì í rọra gbéra. Ìkejì, kì í dún. Ìyá tó ń kọjá pẹ̀lú igbá ẹrù lórí kò ní gbọ́ pé nǹkan ń bọ̀ lẹ́yìn òun, ọmọdé tó ń lé bọ́ọ̀lù kò sì ní gbọ́. Ìdí nìyí tí ìdúró òjijì fi ń pọ̀ lórí rẹ̀, níbi ìdúró òjijì sì ni orí ti ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀.

BÍ AYÉ ṢE MỌ ÌWÚLÒ AKOTO

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìtàn ilẹ̀ Lárúbáwá á ti gbọ́ nípa ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ T. E. Lawrence, tó bá àwọn Lárúbáwá jagun nígbà tí wọ́n dìde sí ìjọba Tọ́kì nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn alùpùpù púpọ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1935, ó ń bọ̀ wálé lórí alùpùpù rẹ̀ ní àgbègbè Dorset ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fẹ́ yà fún àwọn ọmọdékùnrin méjì tó wà lórí kẹ̀kẹ́, ó bá ṣubú, ó fi orí gbálẹ̀. Kò dé akoto. Ní ọjọ́ kẹfà ló kú. Ogun tó jà nínú aṣálẹ̀ kò pa á, ọ̀nà ilé rẹ̀ ló pa á.

Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ni Hugh Cairns, ọmọ Australia tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ikú náà dùn ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí nípa orí àwọn tó ń gun alùpùpù. Ní ọdún 1941 ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde pé akoto ń gba ẹ̀mí là. Ní ọdún náà gan-an ni àwọn ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ ogun tó ń fi alùpùpù jíṣẹ́ máa dé e. Ó pẹ́ kí òfin tó kan gbogbo ará ìlú níbẹ̀, ọdún 1973 ni. Ní ọdún 2008 ni àwọn oníwádìí kó ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ, tí wọ́n sì rí i pé fún ẹni tó bá ní jàǹbá lórí alùpùpù, akoto ń dín ewu ikú kù ní ìwọ̀n 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ewu ìpalára orí kù ní ìwọ̀n 69 nínú ọgọ́rùn-ún.

IGBÁ KÌ Í ṢE AKOTO

Ní ilẹ̀ tiwa, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin pé kí ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀ máa dé akoto. Ẹ̀yin àgbà á rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan gbé igbá dé orí, àwọn kan gbé ìkòkò, àwọn mìíràn lọ yá akoto àwọn bíríkìlà. Èrò ẹ̀yìn mìíràn á kàn fi ọwọ́ gbé e lé orí títí wọ́n á fi kọjá ọlọ́pàá.

A kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìdí wọn kò ṣe é kó dànù. Akoto wọ́n, owó kò sì sí. Akoto kan náà ni ogún ènìyàn ń dé lójúmọ́, àwọn ènìyàn sì ń bẹ̀rù làpálàpá àti iná orí. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ẹni ibi lè ti fi oògùn sínú rẹ̀. Èsì wa rọrùn: ẹni tó bá ní akoto tirẹ̀, tó ń gbé e lọ gbé e bọ̀, ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rù méjèèjì tó gbẹ̀yìn. Ní ti owó, a ó dé ibẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí a kọ́ nínú ọdún 2009 ni pé ẹni tó bá dé akoto nítorí ọlọ́pàá, á bọ́ ọ nígbà tí ọlọ́pàá bá lọ. Igbá tó tan ọlọ́pàá jẹ kò lè tan ọ̀dà jẹ. Akoto bíríkìlà pàápàá, nítorí bíríkì tó lè já láti òkè ni wọ́n ṣe ṣe é. Kò bo ẹ̀gbẹ́ orí dáadáa, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní okùn àgbọ̀n. Bí a bá ń ṣubú, òun ló máa kọ́kọ́ dé ilẹ̀, a ó sì bá a níbẹ̀.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ AKOTO

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà nínú akoto, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni á máa wò. Ìpele mẹ́rin ló ní.

Ìkínní ni èèpo òde tó le. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ohun mímú má wọlé, kí orí sì lè yọ̀ lórí ilẹ̀ dípò kó há.

Ìkejì ni fóòmù funfun líle, irú èyí tí wọ́n fi ń ká tẹlifíṣọ̀n tuntun mọ́ nínú páálí. Èyí gan-an ni akoto. Bí ìgbá bá dé, fóòmù yìí á rún, rírún tó rún yẹn ló sì gba agbára tí ì bá lọ sí ọpọlọ. Ẹ mú ẹyin méjì. Ẹ fi ọ̀kan sínú agolo lásán, ẹ fi èkejì sínú agolo tí ẹ fi irú fóòmù yẹn tẹ́ yíká, kí ẹ wá jù wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín á rí èyí tó fọ́. Akoto tí kò ní fóòmù yìí, agolo ni.

Ìkẹta ni tìmùtìmù aláṣọ tó kan awọ orí. Ìrọ̀rùn ni tirẹ̀, kì í gba ẹnikẹ́ni là. Àwọn oníjìbìtì máa ń ki i nípọn kó lè dà bí ẹni pé fóòmù wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́: bí ìka yín bá kan èèpo líle lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láìsí fóòmù láàrin, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ìkẹrin ni okùn àgbọ̀n. Akoto tí a kò de okùn rẹ̀, fìlà ni.

Àwọn akoto mìíràn tún ní awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú tó lè yí díẹ̀, tí wọ́n ń pè ní MIPS. Àwọn ará Sweden ló ṣe é, nítorí pé orí kì í sábà gbálẹ̀ gbọnrangandan, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi gbá a, á sì yí. Ó dára bí owó bá ká a. Bí kò bá ká a, akoto tó ní fóòmù dáadáa tó sì bá orí mu ṣì dára.

ÈWO LÓ YẸ KẸ̀KẸ́ WO?

Eré ni a fi ń yan akoto, kì í ṣe ẹwà.

1. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ tí bátìrì rẹ̀ kì í ràn án lọ́wọ́ kọjá kìlómítà 25 ní wákàtí kan: akoto kẹ̀kẹ́ ológeere tó ní àmì EN 1078 ti ilẹ̀ Yúróòpù tàbí CPSC ti Amẹ́ríkà tó o. Kí ẹ mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń dán EN 1078 wò ni kí wọ́n jù ú sílẹ̀ láti nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ sórí irin pẹrẹsẹ. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn.

2. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ tó lè sáré dé kìlómítà 45: ti ológeere lásán kò tó o mọ́. Àwọn ará Netherlands, tí kò sí ẹni tó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ tó wọn, gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ ní ọdún 2016 tó ń jẹ́ NTA 8776 fún irú rẹ̀. Akoto náà ń bo ìpàkọ́ àti ẹ̀bátí sí i, ó sì ń gba ìgbá tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ lo ti alùpùpù.

3. Alùpùpù oníbátìrì: akoto alùpùpù ni, kò sí àwíjàre. Èyí tó bo gbogbo ojú àti àgbọ̀n ló dára jù. Lọ́pọ̀ ìgbà tí ènìyàn bá fi ojú ṣubú, àgbọ̀n ló máa ń gbálẹ̀. Èyí tí kò bo àgbọ̀n tẹ̀ lé e. Èyí tó jókòó sórí àtàrí bí àwo ọbẹ̀ nìkan, ẹ má rà á.

Ní ti àwọ̀, ẹ yan funfun tàbí àwọ̀ tó mọ́lẹ̀. Ìwádìí kan ní New Zealand ní ọdún 2004 fi hàn pé jàǹbá àwọn tó dé akoto funfun kò pọ̀ tó ti àwọn tó dé dúdú, nítorí ọlọ́kọ̀ ń tètè rí wọn. Ẹ rántí pé kẹ̀kẹ́ yìí kì í dún; ojú nìkan ni wọ́n fi lè mọ̀ pé ẹ ń bọ̀.

ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ OJÚLÓWÓ

Àmì ilẹ̀ Yúróòpù fún akoto alùpùpù máa ń wà lára aṣọ pélébé tí wọ́n rán mọ́ okùn àgbọ̀n. Lẹ́tà E wà nínú rẹ̀, tí òbìrí yí i ká, nọ́ńbà orílẹ̀-èdè sì tẹ̀ lé e: E1 ni Jámánì, E2 ni Faransé, E3 ni Ítálì, E11 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà gígùn kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 05, ìwọ̀n àtijọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ 06, ìwọ̀n tuntun ni, tí ìdánwò rẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmì Amẹ́ríkà ni DOT, ẹ̀yìn akoto ló máa ń wà. Ojúlówó kì í kọ DOT nìkan, ó máa ń kọ FMVSS No. 218, ọ̀rọ̀ CERTIFIED, àti orúkọ ẹni tó ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹni tó lè ṣe ayédèrú akoto lè ṣe ayédèrú àlẹ̀mọ́. Nítorí náà ẹ tún wo ara rẹ̀. Fóòmù inú akoto alùpùpù yẹ kó nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀. Akoto tó bo gbogbo ojú sábà máa ń wúwo tó kílò kan àbọ̀. Èyí tó fúyẹ́ bí agbọ̀n òfìfo, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń WỌN ORÍ

Kí a ra fìlà kò tó kí a mọ̀ ọ́n dé, kí a mọ̀ ọ́n dé kò sì tó kó yẹ ni. Ojúlówó akoto tí kò bá orí mu kò yàtọ̀ sí ayédèrú. Ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà yìí:

1. Ẹ mú téèpù télọ̀, ẹ fi í yí orí ká, ìbú ìka kan sókè ìpéǹpéjú, gba òkè etí, gba ibi tí ìpàkọ́ ti yọ jù. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 57, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 57 sí nínú.

2. Ẹ dé e. Ó yẹ kó fún díẹ̀ yíká láìdun ni. Ti alùpùpù yẹ kó ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì sínú díẹ̀. Tìmùtìmù inú á rọ̀ tó bá yá, nítorí náà èyí tó gbọn lórí yín ní ọjà á ṣí kúrò lórí yín ní títì.

3. Ẹ di í mú, kí ẹ sì gbìyànjú láti yí orí sọ́tùn-ún sósì. Awọ iwájú orí yẹ kó bá akoto lọ. Bí akoto bá yí tí awọ kò yí, ó tóbi.

4. Ẹ de okùn. Ìka méjì péré ló yẹ kó lè wọ abẹ́ rẹ̀.

5. Kí ẹlòmíràn dúró lẹ́yìn, kó fi ọwọ́ ti akoto láti ìpàkọ́ síwájú. Bí ó bá bọ́ kúrò lórí pẹ̀lú okùn tí ẹ dè, kì í ṣe tiyín.

6. Ẹ fi í sórí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó sanwó. Ibi tó bá ń dun yín nígbà náà kò ní dẹ́kun dídùn.

Ti ológeere gbọ́dọ̀ jókòó gbọọrọ, kí ìka méjì péré wà láàrin rẹ̀ àti ìpéǹpéjú. Ẹ má tì í sẹ́yìn kí iwájú orí lè rí atẹ́gùn. Iwájú orí yẹn gan-an ni ẹ fẹ́ bò.

HÍJÁÀBÙ, FÌLÀ ÀTI LÁWÀNÍ

Èyí kan àwa gan-an, nítorí orí wa kì í ṣófo. Ẹ̀yin ọmọ wa obìnrin, akoto kò ní kí ẹ bọ́ híjáàbù. Ẹ wé èyí tó fẹ́lẹ́ tó sì lẹ̀ mọ́ orí sábẹ́ akoto, kí ẹ má fi píìnì kankan há a lórí, nítorí píìnì tó wà láàrin orí àti akoto á wọlé bí ìgbá bá dé. Ẹ má so kókó sí ìpàkọ́, ẹ má sì kó irun jọ sí àtàrí. Ohunkóhun tó bá gbé akoto sókè ti gba ààyè tó yẹ kó bò. Pẹ̀lú híjáàbù lórí ni kí ẹ fi téèpù wọn orí yín, kì í ṣe láìsí i. Èyí tó bá gùn, ẹ fi etí rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀wù, kó má baà wọ inú táyà. Ohun kan náà ni a ń sọ fún ẹ̀yin tó ń wọ jalàbíà àti agbádá.

Ẹ̀yin ọkùnrin, fìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a hun lè wà lábẹ́ akoto. Fìlà líle àti láwàní kò lè wà níbẹ̀. Ẹ kó wọn sínú àpò, kí ẹ dé wọn bí ẹ bá dé mọ́sálásí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹlẹ́sìn Sikh ní láwàní àwọn kò ṣe é bọ́, ìjọba sì ṣe òfin ní ọdún 1976 tó yọ wọ́n kúrò nínú dídé akoto. A mẹ́nu bà á kí ẹ lè mọ̀ pé ìjọba lè yọ ènìyàn kúrò nínú òfin, ṣùgbọ́n kò lè yọ agbárí ẹnikẹ́ni kúrò nínú líle ilẹ̀. Ẹ̀sìn tiwa kò há wa mọ́ níbí: kò sí ohun tó ní kí láwàní wà lórí ẹni tó wà lórí alùpùpù.

TÒKUNBỌ̀ ÀTI ÌTỌ́JÚ

A mọ̀ pé owó kò sí, a sì mọ̀ pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nǹkan tí a ń lò. Ṣùgbọ́n akoto tòkunbọ̀ kì í ṣe bàtà tòkunbọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni fóòmù inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti rún, kì í wú padà, ojú kì í sì í rí i láti òde. Ẹni tó ta á kò ní sọ fún yín pé ẹnì kan ti fi í ṣubú. Ó sàn kí a ra tuntun tí kò ní ọ̀ṣọ́ ju kí a ra tòkunbọ̀ olórúkọ ńlá. Ẹni tó bá lè ra kẹ̀kẹ́ kó yọ owó akoto sọ́tọ̀ kó tó sanwó kẹ̀kẹ́. Bí owó kò bá tó méjèèjì, owó kẹ̀kẹ́ kò tíì pé nìyẹn.

Bí ẹ bá rà á tán, ẹ má gbé e sínú oòrùn, ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ epo, ẹ má fi ọ̀dà kùn ún, nítorí àwọn nǹkan wọ̀nyí ń jẹ èèpo rẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ni ẹ fi fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí ẹ ti ń lò ó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá sì fi í ṣubú tó gbálẹ̀, ọjọ́ náà ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kódà bí kò ní ìlà kankan lára.

ÌBÉÈRÈ TÓ MÁA Ń WÁYÉ

Ìbéèrè: Ooru ń mú púpọ̀ nínú rẹ̀ ńkọ́, Àáfà?
Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ooru ilẹ̀ Vietnam kò kéré sí tiwa, alùpùpù wọn sì pọ̀ lọ bíi yanrìn. Láti ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2007 tí òfin wọn ti bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń dé e. Ẹ wá èyí tó ní ihò atẹ́gùn.

Ìbéèrè: Ibi tí mo ń lọ kò jìnnà, ṣé dandan ni?
Ìdáhùn: Jàǹbá kì í bèèrè ibi tí à ń lọ. Ẹ rántí pé Lawrence kò jìnnà sílé rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé Ọlọ́hun kọ́ ni olùṣọ́ ni?
Ìdáhùn: Òun ni. Òun náà ló fún wa ní ọgbọ́n tí a fi ṣe akoto. Ẹni tó ní òun gbára lé Ọlọ́hun kì í ṣí ilẹ̀kùn ilé sílẹ̀ sùn.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ń jókòó lẹ́yìn mi nìkan ni, ṣé tèmi kò tó?
Ìdáhùn: Orí méjì ló wà lórí kẹ̀kẹ́, akoto méjì ló yẹ kó wà. Ẹ má gbé ti àgbàlagbà dé ọmọdé lórí. Á gbọn, á sì bo ojú rẹ̀. Wọ́n ń ṣe ti ọmọdé. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ibi ìtẹsẹ̀, kó má tíì gun ẹ̀yìn alùpùpù rárá.

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ni àgbà ọjà yìí. Bí ọmọ bá rí bàbá rẹ̀ tó de okùn akoto kó tó kúrò níwájú ilé, kò ní sí wàhálà kí ọmọ náà tó de tirẹ̀. Bí bàbá bá fi tirẹ̀ kọ́ sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ tí àwa olùkọ́ bá sọ nínú kíláàsì kò ní dúró. Ẹ̀yin ìjọ, ẹni tó bá ń bèèrè ohun tí òun lè fi ta ọmọ lọ́rẹ nígbà tó bá parí Alùkùránì, akoto tó yẹ orí rẹ̀ kò burú láti fi kún un, nítorí orí náà ni Alùkùránì wà.

Kí Ọlọ́hun Ọba máa ṣọ́ wa ní àlọ àti àbọ̀, kó má jẹ́ kí a fi orí san owó ìrìnnà. Àmín.